Ilé Mímọ́ Kò Gba Owó Ńlá: Ohun Tí Mo Kọ́ Lẹ́nu Iṣẹ́ Ìmọ́tótó ní Wharf Road

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa ní ẹ̀ka Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ bá wa sọ níbi ìpàdé oṣù tó kọjá nìyí. Àwọn ọmọ ìlú tí kò lè wá, pàápàá àwọn tó wà lẹ́yìn odi, ló ní kí a kọ ọ́ jáde. Bí ìyá ṣe sọ ọ́ náà ni a ṣe kọ ọ́.

    

Ní ìpàdé tó ṣáájú èyí, nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ owó ọjà, ìyá kan dìde, ó ní òun kò mọ èyí tí òun máa rà mọ́, gàrí ni àbí ọṣẹ. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Ìdí nìyẹn tí Akọ̀wé fi ní kí n wá sọ bí èèyàn ṣe lè tọ́jú ilé rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó wà nínú ilé ìdáná, kí owó tó kù lè lọ sórí oúnjẹ.

Èmi kì í ṣe dókítà o. Ìgbálẹ̀ àti mọ́ọ̀pù ni mo ti ń dì mú ní ọ́fíìsì lóríṣiríṣi ní Wharf Road láti ọdún 19 sẹ́yìn. Ohun tí mo máa sọ, ọwọ́ mi ti ṣe é. Ibi tí ọgbọ́n mi kò dé, mo béèrè lọ́wọ́ ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi bẹ̀rẹ̀.

Ọdún kejì tí mo wọ iṣẹ́ ni. Wọ́n ní ọ̀gá ńlá kan ń bọ̀ láti òkè òkun, kí gbogbo ilé máa dán. Tóílẹ́ẹ̀tì kékeré kan wà lábẹ́ àtẹ̀gùn tí kò ní fèrèsé rárá. Mo da Hypo sínú rẹ̀, mo fọ̀ ọ́, àbàwọ́n pupa ibẹ̀ kò kúrò. Ni mo bá mú ásíìdì tí a fi ń fọ tóílẹ́ẹ̀tì, mo dà á lé e lórí. Mo rò pé agbára méjì á ju ẹyọ kan lọ. Kí n tó wí pé kí ni mo ṣe yìí, nǹkan kan ti gùn mí lọ́fun. Ojú mi ta, àyà mi fún, mi ò rí èémí mí. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tó gbọ́ bí mo ṣe ń wúkọ́ ló fà mí jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi wúkọ́. Mi ò sọ fún ẹnì kankan nílé, torí mo ń bẹ̀rù pé wọ́n á ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ìgbà tí ọmọ mi wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni mo tó mọ ohun tó fẹ́ pa mí. Ó ní bí Hypo tàbí Jik bá pàdé ásíìdì, afẹ́fẹ́ olóró kan tí wọ́n ń pè ní chlorine ló ń jáde. Ó ní ní oṣù kẹrin ọdún 1915, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ọmọ ogun Jámánì tú afẹ́fẹ́ yìí sí àwọn ọ̀tá wọn nítòsí Ypres ní ilẹ̀ Belgium, ó sì pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ gbọ́ o! Ohun tí wọ́n fi jagun ni èmi ń pò lábẹ́ àtẹ̀gùn, torí kí tóílẹ́ẹ̀tì lè funfun. Àìmọ̀kan, àìmọ̀kàn, òun ló ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo máa sọ lónìí, ẹ má gbàgbé èyí: ẹ mọ irú ìdọ̀tí tó wà níwájú yín, kí ẹ sì lo ohun kan ṣoṣo tó bá a mu. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní ná owó púpọ̀, kò sì ní pa ara rẹ̀.

Ọṣẹ ni ìyá gbogbo wọn

Ọṣẹ kì í ṣe àlejò ní Àpápá. Kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa, epo pupa àti èkùrọ́ ilẹ̀ wa ni wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó lọ sí Liverpool, tí àwọn òyìnbó ń fi ṣe ọṣẹ. Orúkọ ìlú yẹn ni ọ̀nà kan ń jẹ́ ní Àpápá títí di òní. Ní 1923, wọ́n dá Lever Brothers sílẹ̀ níbí, èyí tó di Unilever lẹ́yìn náà, Àpápá yìí náà ni wọ́n sì kọ́ ilé iṣẹ́ ọṣẹ wọn sí. Ní oṣù kẹta 2023, tó jẹ́ ọgọ́rùn-ún ọdún sí ìgbà yẹn, ilé iṣẹ́ náà kéde pé àwọn ń fi Omo, Sunlight àti Lux sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ̀yin ìyá rántí bí ọkàn wa ṣe gbọgbẹ́ nígbà tí a gbọ́ ọ. Gbogbo ọṣẹ oníyẹ̀fun, ohunkóhun tí ì báà máa jẹ́, Omo ṣáà ni a ń pè é.

Ṣùgbọ́n kí òyìnbó tó dé ni àwọn ìyá wa ti ń ṣe ọṣẹ. Wọ́n á sun èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìdì ẹyìn tí wọ́n ti yọ ẹyìn kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí kòkó dé, wọ́n ń sun èèpo kòkó náà mọ́ ọn. Wọ́n á da eérú náà sínú ìkòkò tí wọ́n dá lu nídìí, wọ́n á bu omi lé e, omi eérú á máa kán sílẹ̀. Omi yìí ni wọ́n ń bá epo tàbí àdín sè títí yóò fi di ọṣẹ dúdú. Eérú àti epo ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ni ọṣẹ ń ṣe gan-an? Ẹ mọ̀ pé òróró àti omi kì í bá ara wọn gbé. Bí ẹ bá da omi lásán sí abọ́ ọbẹ̀, á kàn máa yọ̀ kiri ni. Ọṣẹ ni alárinà àárín wọn. Ó fi ọwọ́ kan di òróró mú, ó fi ọwọ́ kejì di omi mú. Bí omi bá ti ń lọ, ó ń fa ọ̀rá àti ìdọ̀tí lọ pẹ̀lú ara rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ níṣẹ́ pé ọṣẹ díẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, àti sùúrù ló ń fọ ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú ilé. Sùúrù yẹn ni a kì í ní. A máa ń da ọṣẹ sí i, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára gbo ó. Ẹ da ọṣẹ sí i, ẹ lọ ṣe nǹkan mìíràn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí ẹ bá fi máa padà dé, ọṣẹ ti bá yín ṣe ìdajì iṣẹ́.

Eruku Wharf Road

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé tàbí tí ẹ ń tajà ní agbègbè Wharf Road, Creek Road àti Ọlọ́dì Àpápá, ẹ mọ eruku tí mò ń wí. Èéfín tírélà ni, sìmẹ́ńtì ni, iyanrìn ni. Ní 2017, nígbà tí Dangote, Flour Mills àti àwọn aláṣẹ èbúté, NPA, pawọ́ pọ̀ láti tún Wharf Road ṣe, inú wa dùn. Ọ̀nà dára sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n eruku ṣì ń wọlé wá kí wa láràárọ̀.

Eruku yìí kì í ṣe ohun tí a ń fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá nínú yàrá. Ṣe lẹ ń gbé e sókè kó tún balẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, tí ọmọ tó ní ikọ́ fée á sì fà á símú. Ẹ mú àkísà tó lọ́rinrin díẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀: orí fáànù, orí kọ́bọ́ọ̀dù, ojú fèrèsé, kó tó wá kan ilẹ̀. Síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti ya dára ju àkísà tí wọ́n ń tà lọ. Omi fífọ̀ náà, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Omi ìdọ̀tí kò lè nu ìdọ̀tí.

Fún lúfà àti dígí, ẹ po ife fínígà kan pọ̀ mọ́ ife omi mẹ́rin. Ẹ fi àkísà nù ún, kí ẹ wá fi ìwé ìròyìn àtijọ́ nù ún gbẹ. Bí kò bá sí fínígà, ẹ kán ọṣẹ ìfọbọ́ bíi ẹ̀kán méjì sínú ike omi kan. Dígí á dán.

Omi pupa Ajégúnlẹ̀

Ẹ mọ omi kànga wa níbí. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á, ó mọ́ gaara. Tó bá di ọjọ́ kejì, ó ti pọ́n bí omi ìpẹtà. Irin ló wà nínú omi náà, afẹ́fẹ́ ló ń jẹ́ kó pọ́n. Òun ló ń kun báàfù, táìlì, kẹ́ẹ̀gì àti aṣọ funfun yín.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi owó ṣòfò lórí Hypo. Hypo kì í mú àbàwọ́n irin kúrò. Nígbà mìíràn ṣe ló tún máa ń mú kí ó le sí i. Ohun kíkan ni àbàwọ́n yìí ń bẹ̀rù. Ẹ gé ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì, ẹ fi iyọ̀ sójú rẹ̀, ẹ fi gbo ibẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún bí ààbọ̀ wákàtí, kí ẹ wá fi omi ṣàn án dáadáa. Ọsàn tó ti ń gbẹ tí ọlọ́jà fẹ́ jù nù náà á ṣe é. Fínígà náà á ṣe é. Tó bá ti pẹ́ lára nǹkan, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Tóílẹ́ẹ̀tì abẹ́ àtẹ̀gùn tí mo sọ yẹn, àbàwọ́n tó wà níbẹ̀ kò ju èyí lọ. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni ì bá yanjú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ẹ́ bá lọ sọ́run.

Kẹ́tùrù iná tí ẹfun funfun ti mú nínú náà ń kọ́? Ẹ se omi ọsàn tàbí fínígà díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ dà á nù, ẹ ṣàn án.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: ohun kíkan máa ń jẹ mábù, tẹ̀ráásò àti ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú àwọn ilé àtijọ́ GRA Àpápá, ẹ má da fínígà sílẹ̀ tẹ̀ráásò oníle. Ọṣẹ àti omi ni tirẹ̀.

Nínú ilé ìdáná

Ìkòkò tó dúdú lẹ́yìn, eérú inú ìdáná èédú yín ni oògùn rẹ̀. Ẹ fi kàn-ìn-kàn-ìn tó lómi tọ eérú, ẹ fi ha á. Inú ìkòkò alumíní tó ti dúdú, ẹ gé ọsàn wẹ́wẹ́ sómi nínú rẹ̀, ẹ sè é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á mọ́lẹ̀ padà. Ẹ má fi sódà ọṣẹ fọ ìkòkò alumíní láé. Ó ń jẹ ẹ́ ni.

Ìkòkò tí oúnjẹ jóná mọ́, tó bá jẹ́ èyí tí kì í dípẹtà, ẹ da omi sí i, ẹ fi ṣíbí baking soda méjì sí i, ẹ sè é díẹ̀, kí ẹ fi sílẹ̀ di àárọ̀. Ẹ ò ní nílò láti fi ọ̀bẹ ha á. Tí kò bá sí baking soda, ẹ rántí káún tí a fi ń se ewédú. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹ yọ́ káún díẹ̀ nínú omi gbígbóná, ẹ fi nu ọ̀rá tó ta sára ògiri ilé ìdáná. Káún àti eérú máa ń gbẹ ara o, nítorí náà ẹ fi ọ̀rá wọ́ ọwọ́ bọ ọwọ́, kí ẹ sì fi omi ṣàn án tán.

Fún òórùn inú fíríìjì, ẹ bu baking soda sínú ife, ẹ fi sí kọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Ibi tí ọmọ bá tọ̀ sí lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ fi àkísà fa omi rẹ̀, ẹ wọ́n baking soda sí i, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ gbé e sóòrùn. Oòrùn Ọlọ́run ṣì jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ẹ̀yin ìyàwó àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú pọ́ọ̀tù, gíríìsì ara yúnífọ́ọ̀mù wọn, ẹ fi òróró díẹ̀ gbo ó kọ́kọ́. Ẹ ń wò mí! Òróró ló ń tú òróró. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọṣẹ ọlọ́pàá gígùn pa á láìtíì fi omi sí i, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ wá fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Ẹ má fi bẹntiróòlù fọ aṣọ. Nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí sítóòfù ń jó lẹ́nu ọ̀nà gbogbo, iná ni ẹ ń pè yẹn.

Fídíò tó ń kiri

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, níbi tí wọ́n ti da fínígà lé baking soda tó ń hó yaya. Ó dùn ún wò lóòótọ́. Èyí kò ní pa yín lára bíi ti Hypo àti ásíìdì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń hó yẹn, ṣe ni àwọn méjèèjì ń pa agbára ara wọn. Ohun tó bá kù, omi lásán tó ní iyọ̀ díẹ̀ ni. Ẹ lo baking soda lọ́tọ̀, ẹ lo fínígà lọ́tọ̀. Ẹ má sì pò wọ́n sínú ìgò kí ẹ dé e pa, torí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè bẹ́ ìgò náà.

Hypo ní àyè tirẹ̀

Mi ò sọ pé kí ẹ má ra Hypo o. Ọsàn, iyọ̀ àti káún kò tó láti pa kòkòrò àrùn. Ní oṣù kẹfà 2024 tí kọ́lẹ́rà jà ní Èkó, gbogbo wa rí i. Bí ẹnì kan bá ń ṣu tàbí ń bì nínú ilé, tàbí tí omi àgbàrá bá wọlé, ẹ nílò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀ kọ́kọ́, kí ẹ ṣàn án, torí ìdọ̀tí máa ń pa agbára Hypo. Ẹ wo ara ìgò rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 5% síbẹ̀, ife kan nínú ife omi 49 tó fún ilẹ̀ àti orí tábìlì. Bí ó bá jẹ́ 3.5%, ife kan nínú ife omi 34. Ibi tí ìgbẹ́, èébì tàbí ẹ̀jẹ̀ bá dà sí gan-an, ó gbọ́dọ̀ lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ: ti 5%, ife kan nínú ife omi mẹ́sàn-án, ti 3.5%, ife kan nínú ife omi mẹ́fà. Omi tútù ni o, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èyí tí ẹ bá pò lónìí, ẹ lò ó tán lónìí. Ṣé ẹ rí i pé owó tí ẹ ń dà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ pọ̀? Ẹni tó ń da odidi ìgò sórí ilẹ̀ ń ra ikọ́ ni.

Ẹ má fi Hypo pàdé ásíìdì tóílẹ́ẹ̀tì, ọsàn tàbí fínígà. Ẹ má dà á lé ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀, nítorí òun náà ń mú afẹ́fẹ́ burúkú jáde. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣàn án. Bí ẹ bá ti lo ọ̀kan lónìí, ẹ jẹ́ kí èkejì di ọjọ́ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ tó wú mi lórí jù

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ rèé, ẹ má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa níbí ń ta sódà olómi, ásíìdì àti Hypo tí wọ́n rọ sínú ike omi àti ìgò ẹlẹ́rìndòdò. Ọjà ni. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹun.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nínú ọgbà tí mò ń gbé ní Ajégúnlẹ̀, ìyá kan ra sódà olómi láti fi la gọ́tà tó dí. Inú ìgò ẹlẹ́rìndòdò ni ó wà. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, ti ibi eré dé, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó gbé ìgò náà, ó mu ún.

Àwa aládùúgbò sáré jáde. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ náà la ṣe: a rọ epo pupa sí i lẹ́nu kó lè bì. Ó bì. Sódà tó ti jó o lọ́fun nígbà tó ń lọ sísàlẹ̀, ó tún jó o nígbà tó ń bọ̀ lókè. Ọmọ náà kò kú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sún kì. Ní gbogbo ìgbà ni wọ́n ń gbé e lọ sí ọsibítù láti fẹ̀ ẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ ìrẹsì àti ẹran, òun ń mu ẹ̀kọ. Ọwọ́ mi wà lára ọwọ́ tó di epo pupa yẹn mú. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà láti wá sọ̀rọ̀ níwájú yín, èmi tí kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ.

Torí náà, ẹ gbọ́ mi. Bí ọmọ bá gbé sódà, ásíìdì, Hypo tàbí karosíìnì mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fi ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun, ẹ má jẹ́ kó bì. Ẹ fi omi yọ ẹnu rẹ̀, ẹ mú ìgò náà dání, ẹ gbé e lọ ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Nómbà pàjáwìrì Ìjọba Èkó, 767 tàbí 112, ọ̀fẹ́ ni. Bí ó bá ta sójú, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án fún ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó gbéra. Bí ó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ló gbá yín, ẹ jáde síta, ẹ má padà wọlé lọ mú nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ Sniper náà ò ṣe é fi sílẹ̀. Oògùn oko ni. Ní 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ ní ọjà àti ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń pò ó mọ́ omi tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀, torí aáyán. Ilẹ̀ tí ọmọ ń rá lé lórí! Aáyán ń wá ọ̀rá, omi àti ìyókù oúnjẹ. Ẹ fọ abọ́ kí ẹ tó sùn, ẹ nu abẹ́ sítóòfù, ẹ dé ike ìdọ̀tí, ẹ dí ihò ara ògiri. Ẹ óò rí i pé wọ́n á dín kù.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún

Bàbá Alága, ohun mẹ́ta ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá ń ta sódà, ásíìdì tàbí Hypo má rọ ọ́ sínú ìgò ohun mímu mọ́. Inú ike tó ti wá ni kí ó máa wà, tàbí kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí gàdàgbà, tí ọmọdé kò lè ṣí. Bí owó ike bá jẹ́ ìṣòro fún wọn, kí ẹgbẹ́ jókòó lé e. Èkejì, àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó ní ọ́fíìsì, kí wọ́n wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé. Wákàtí kan ni mo fẹ́ fi kọ́ wọn, mi ò gba kọ́bọ̀. Ẹ̀kẹta, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sílé. Àwọn ìyá wa nílé náà ń ra Hypo, wọ́n sì ń pa epo pupa mọ́ de ọjọ́ tí ọmọ bá gbé nǹkan mì.

Ajé gúnlẹ̀ ni orúkọ ibi tí a ń gbé. Bí ajé kò bá tíì gúnlẹ̀ sílé gbogbo wa, ìmọ́tótó lè gúnlẹ̀ síbẹ̀ ná. Kò gbà ju ọṣẹ, omi, ọsàn wẹ́wẹ́, eérú, àti ojú tó ń wo ibi tí ọmọ wà. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́.

 Ilé yóò tù wá o, a ò ní fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa. Àṣẹ.